Yiwu ni àbí Jinhua? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìlú tó wà nínú ìlú

Ní October 2025 ni wọ́n ṣí ọjà ńlá tuntun kan ní Yiwu, lórílẹ̀-èdè China, wọ́n pè é ní Global Digital Trade Center. Àwọn èèyàn wa tó ń kó ẹrù láti ibẹ̀ wá sí Ìdúmọ̀tà mọ Yiwu dáadáa, kì í ṣe ọjà yẹn ló rú wọn lójú, àdírẹ́sì ẹ̀ ni. Ìròyìn kan á ní ìlú Yiwu, òmíràn á ní ìlú Jinhua, ẹ̀kẹta á kó méjèèjì pọ̀, á wá pe àwọn méjèèjì ní ìlú. Ohun tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ẹ̀ nìyí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sì ni mo ṣe dáhùn.

Ṣé Yiwu àti Jinhua, ìlú kan náà ni?

Rárá o. Yiwu wà lábẹ́ Jinhua, Jinhua wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Zhejiang tí Hangzhou jẹ́ olú ìlú ẹ̀.

Báwo ni ìlú ṣe máa wà nínú ìlú?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà yìí, shi lọ̀rọ̀ náà. Tí wọ́n bá túmọ̀ ẹ̀ sí òyìnbó, city ni wọ́n máa ń kọ, àwa náà á kà á sí ìlú, ọkàn wa á lọ sórí ilé, títì àti ọjà, àti ibi tí ilé tán sí tí oko bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba China, shi kì í sọ bí ibì kan ṣe rí, ipò tí ibẹ̀ wà ló ń sọ. Oyè ni. Ẹ wò ó báyìí: bàbá jẹ́ baálé ilé, àkọ́bí ẹ̀ tó ti níyàwó tó ti bímọ náà jẹ́ baálé ilé, agboolé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé, oyè kan náà ni wọ́n ń jẹ́ àmọ́ ọ̀kan wà lábẹ́ ìkejì.

Ìpele mẹ́rin ni ìjọba wọn tò sí lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìkíní ni ìpínlẹ̀, ìkejì ni irú Jinhua, ìkẹta ni irú Yiwu, ìkẹrin sì ni àwọn ìlú kéékèèké àti àdúgbò. Shi wà ní mẹ́ta nínú ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Beijing, Shanghai, Tianjin àti Chongqing jẹ́ shi tó bá ìpínlẹ̀ dọ́gba, kò sí ìpínlẹ̀ kankan lórí wọn. Jinhua jẹ́ shi ti ìpele kejì, ọ̀kan nínú 11 irú ẹ̀ tó wà ní Zhejiang. Yiwu jẹ́ shi ti ìpele kẹta, ọdún 1988 ni wọ́n sì fún un ní oyè yẹn, kó tó dìgbà yẹn xian ni, ìyẹn ẹkùn ìjọba tí oko pọ̀ níbẹ̀ ju títì lọ. Kódà ẹni tó bá sọ pé "mo wà ní Jinhua" lè máa dúró láàárín oko tíì lórí òkè tí kò sí ilé kankan nítòsí, òótọ́ ló sì sọ, torí Jinhua fẹ̀ tó nǹkan bíi 10,900 kìlómítà onígun mẹ́rin, òkè àti igbó ló sì kó apá tó pọ̀ nínú ẹ̀.

Kí ló wá wà nínú Jinhua?

Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Qu méjì, ìyẹn ẹkùn ìjọba inú ìlú ńlá, Wucheng àti Jindong, àwọn méjèèjì yìí ni ojúlówó ìlú Jinhua téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láàárín ẹ̀. Shi kéékèèké mẹ́rin, Lanxi, Yiwu, Dongyang àti Yongkang. Xian mẹ́ta, Wuyi, Pujiang àti Pan'an.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kàn ka orúkọ kọjá o, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ rò pé Yiwu ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló ti wá. Yiwu ń tà ni, Yongkang ń rọ: ìkòkò, ilẹ̀kùn irin, irinṣẹ́, kọ́ọ̀pù irin tí kì í jẹ́ kí tíì tutù. Pujiang ló ń ṣe kírísítà tẹ́ ẹ̀ ń rí lára iná àti ẹ̀bùn. Lanxi ń hun aṣọ. Dongyang mọ igi gbẹ́ láti ayébáyé, Hengdian tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ibùdó fíìmù ràbàtà sí, wọ́n kọ́ ààfin àwọn ọba Beijing síbẹ̀ bíi ti gidi. Pan'an wà lórí òkè, egbòogi ló ń tà. Tí ẹni tó ń bá yín rajà bá wá sọ pé òun ń lọ wo fáktìrì ní Yongkang, kò já yín jù sílẹ̀ o, ìsun ọjà náà gan-an ló ń lọ.

Kí ló dé tí ìlú tó kéré lóyè fi lókìkí ju èyí tó wà lórí ẹ̀ lọ?

Tẹ́ ẹ bá wo bí omi ṣe ń ṣàn, ẹ máa rí i pé Jinhua ló yẹ kó jẹ́ olórí. Àfonífojì gígùn kan tí òkè yí ká ni ilẹ̀ náà, odò tó ń bọ̀ láti Dongyang gba Yiwu kọjá lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, òmíràn ń bọ̀ láti Yongkang àti Wuyi, àárín ìlú Jinhua ni wọ́n ti pàdé. Láti ibẹ̀ omi náà lọ sí Lanxi, ó pàdé odò mìíràn, ó sì ṣàn lọ títí dé Hangzhou kó tó wọ òkun. Láyé tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń kẹ́rù, ibi tí odò méjì bá ti pàdé ni aláṣẹ máa ń jókòó sí.

Yiwu ní tiẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ò lọ́ràá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń kiri nígbà tí iṣẹ́ oko bá dínkù, wọ́n á gbé ṣúgà tí wọ́n fi ìrèké ṣe lé èjìká, wọ́n á máa lu ìlù kékeré, wọ́n á fi ṣúgà pààrọ̀ ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò lówó, ìyẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń dà sóko kí ilẹ̀ lè ṣe dáadáa. Ibi tí òwò Yiwu ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lábẹ́ Mao Zedong tó ṣolórí China nígbà yẹn, wọ́n ka irú òwò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ wọn ò jáwọ́. Ní 1982, Xie Gaohua tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó láṣẹ jù níbẹ̀, gbà kí wọ́n ṣí ọjà ní gbangba, nígbà tí àṣẹ láti òkè ò tíì ṣe kedere pé ó bófin mu, ipò ẹ̀ ló sì fi wewu. Ọdún 2019 ló kú. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ti rà lára ọjà Yiwu mọ orúkọ ọkùnrin yẹn.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, Yiwu nìkan ní èèyàn tó lé ní 1.8 mílíọ̀nù, nígbà tí gbogbo Jinhua jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 7. Pápákọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo tó wà fún èrò ní gbogbo Jinhua, Yiwu ló wà. Láti 2006 ni ìpínlẹ̀ Zhejiang ti fún Yiwu ní àwọn agbára kan tó jẹ́ ti ìpele kejì, láìgba oyè ìpele kẹta lọ́wọ́ ẹ̀.

Jinhua fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó kan àwa náà?

Ó kàn wá. Zhejiang Normal University wà ní Wucheng, wọ́n ti ní iléeṣẹ́ ìwádìí nípa Áfíríkà níbẹ̀ láti 2007. Tí ọmọ yín bá ní òun ríwèé wọlé sí "Jinhua", ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jẹ́, kì í ṣe inú ọjà Yiwu, rélùwéè ìgboro (metro) tó so ìlú méjèèjì pọ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022.

Wọ́n kọ "District 2" fún mi. Ṣé ẹkùn ìjọba nìyẹn?

Rárá, ilé ọjà ni. International Trade City tó wà ní Yiwu pín sí apá márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà, qu, ni wọ́n fi ń pe apá ọjà àti ẹkùn ìjọba bíi Wucheng. Yiwu ò ní qu ìjọba kankan. Ohun tó ní lábẹ́ ni jiedao 8, ìyẹn àwọn àdúgbò inú ìlú, àti zhen 6, àwọn ìlú kéékèèké bíi Fotang.

Futian tó wà lórí àdírẹ́sì mi ńkọ́?

Ẹ ṣọ́ra fún Futian gan-an, èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Futian ti Yiwu jẹ́ jiedao, orúkọ ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń pe ọjà ibẹ̀. Àmọ́ Futian mìíràn wà ní Shenzhen, qu ńlá nìyẹn, bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ méjèèjì ní lẹ́tà tiwọn, wọ́n sì jìnnà síra gan-an. Ẹ má kọ Futian nìkan láé.

Orúkọ tó jọra pọ̀ bẹ́ẹ̀. Taizhou wà ní Zhejiang, Taizhou wà ní Jiangsu, tí wọ́n bá fi lẹ́tà òyìnbó kọ ọ́ kò síyàtọ̀ kankan.

Báwo wá ni kí n ṣe kọ àdírẹ́sì?

Látòkè wá sísàlẹ̀: Zhejiang, Jinhua, Yiwu, jiedao, títì, nọ́ńbà ilé. Tó bá jẹ́ lẹ́tà òyìnbó lẹ fi ń kọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ lọ sókè. Kóòdù fóònù ò lè ràn yín lọ́wọ́, torí 0579 ni gbogbo Jinhua àti Yiwu ń lò. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ló yàtọ̀, 321000 fún Jinhua, 322000 fún Yiwu.

Tí mo bá débẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa forúkọ sílẹ̀?

Ibi tẹ́ ẹ sùn sí ló máa sọ. Òfin ní kí àlejò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Tó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ló máa bá yín ṣe é. Tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tàbí ẹni tó gbà yín lálejò lẹ máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yẹn. Tẹ́ ẹ bá sùn ní Yiwu mọ́jú tẹ́ ẹ kó lọ sílé ẹlòmíràn ní Jinhua, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ọ̀rẹ́ mi ni, kò sí wàhálà," ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré.

Ẹni tó ń tajà fún mi ní Yiwu lòun wà, ìwé ẹ̀ wá ní Jinhua. Ṣé gbájúẹ̀ ni?

Ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di gbájúẹ̀, torí Yiwu wà nínú Jinhua lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi wò ó. Gbogbo ibi ní China ló ní nọ́ńbà mẹ́fà tiẹ̀. Ti Yiwu ni 330782: 33 ni Zhejiang, 07 ni Jinhua, 82 ni Yiwu fúnra ẹ̀. Wucheng jẹ́ 330702, Dongyang 330783, Yongkang 330784. Qu máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 01, xian láti 21, shi kéékèèké láti 81, torí náà nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn á ti sọ irú ibi tó jẹ́ fún yín.

Ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ wọn ní kóòdù kan tó ní àmì 18. Ẹ fo méjì àkọ́kọ́, ẹ ka mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 330782, Yiwu ni. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ibòmíràn, ẹ má tíì pariwo, torí iléeṣẹ́ lè ti kó kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kí kóòdù ẹ̀ má yí padà, tàbí kó jẹ́ ọ́fíìsì tó ga ju ti Yiwu lọ ló forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kàn bi í pé kí ló fà á, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ṣé ààlà yìí lè yí padà?

Ó lè yí padà o. Ní January 2019, Laiwu tó jẹ́ shi ìpele kejì ní Shandong dẹ́kun àtimáa dá dúró, wọ́n gbé e sábẹ́ Jinan. Ní 2021, Hangzhou tún àwọn qu ẹ̀ pín, orúkọ Xiacheng àti Jianggan sì parẹ́. Jindong tó wà ní Jinhua yìí náà, ara xian Jinhua ni kó tó di pé wọ́n tú xian yẹn ká ní ìparí 2000. Torí náà tó bá jẹ́ àdírẹ́sì ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí oníbàárà yín fi tuntun ránṣẹ́ ní lẹ́tà China, kẹ́ ẹ sì fi lé ẹni tó ń kó ẹrù lọ́wọ́ bó ṣe wà.