Ìsínjẹ: iṣẹ́ tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń fi fídíò wọn ṣe

Ọkùnrin kan wọ síkẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú, ó dé wíìgì, ó sì ń ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ káàkiri pálọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi múra bí obìnrin àfi ibì kan: túbọ̀mu rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, kò fá a. Freddie Mercury ni, olóhùn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Queen, ní ọdún 1984, nínú fídíò “I Want to Break Free” tiwọn. Àwọn mẹ́ta yòókù náà ò gbẹ́yìn. Brian May tó ń ta jìtá ká róólà sórí, Roger Taylor onílù múra bí ọmọbìnrin iléèwé, John Deacon sì di ìyá àgbà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín ni wọ́n fi wò ó, orin náà sì gòkè dé ipò kẹta lórí àtẹ orin wọn. Ní Amẹ́ríkà, ipò 45 ló mọ, Brian May sì ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé fídíò yẹn ṣàkóbá fún àwọn lọ́hùn-ún. Fídíò kan náà ni, túbọ̀mu kan náà ni. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ. Coronation Street ni, eré nípa àwọn ará àdúgbò kan, tó ti wà lórí tẹlifíṣàn wọn láti ọdún 1960. Kò sí ilé tí wọn ò ti mọ irú àwọn obìnrin inú rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà tí kò wo eré náà rí, ọkùnrin mẹ́rin tó wọ aṣọ obìnrin ló rí, ó sì parí síbẹ̀.

Ohun tí Queen ṣe yìí ni wọ́n ń pè ní parody. Mo ti rí i tí àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí “àwàdà”, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwàdà ló wà tí kò fara wé ẹnikẹ́ni. Ìsínjẹ gan-an ló bá a mu. Bí ọmọ kan bá tẹ̀ lé lándílọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, tó ti ikùn síwájú, tó ń mi orí bíi tiwọn, ó ń sín wọn jẹ nìyẹn. Ọmọ náà ní láti ti wo bàbá yẹn dáadáa kó tó lè ṣe é. Ó sì ní láti fi díẹ̀ kún un: bí ikùn bàbá bá yọ ní ìka kan, tirẹ̀ á yọ ní ìka mẹ́ta. Àwọn tó ń wò ó náà sì gbọ́dọ̀ mọ lándílọ́ọ̀dù. Àlejò tó bá ń kọjá lọ, yóò kàn rò pé ẹ̀yìn ló ń dun ọmọ náà ni.

Kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn eégún apidán máa ń gbé Òyìnbó jáde lójú agbo, imú rẹ̀ á gùn ṣọnṣọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ á dì mọ́ra, wọ́n á máa jó ijó òyìnbó. Ẹni tí kò rí òyìnbó rí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Kí èèyàn tó lè sín nǹkan jẹ, nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti ní ìṣe tí a fi ń dá a mọ̀. Ìṣe yìí ni mo máa pè ní ìlànà: kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ń tẹ̀ lé e. Fídíò orin rọ́ọ̀kì ò pẹ́ rárá kó tó ní tirẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn MTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi fídíò orin han tọ̀sán tòru. Láàárín ọdún díẹ̀ àwọn òǹwòran ti mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé: èéfín lórí ìtàgé, olóhùn tó ń wo kámẹ́rà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ lówó, onijìtá tó dá dúró sínú aṣálẹ̀ láìsí wáyà iná kankan nítòsí tí jìtá rẹ̀ sì ń ké, àti afẹ́fẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá, tó ń fẹ́ irun nìkan tí kò fẹ́ aṣọ.

Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, ló fi ìsínjẹ ṣe ohun tó jinlẹ̀ jù nínú èyí tí mo mọ̀. Fídíò “In Bloom” ti ọdún 1992, tí Kevin Kerslake darí, jẹ́ dúdú àti funfun, kámẹ́rà àtijọ́ ni wọ́n sì fi yà á. Atọ́kùn ètò kan jáde, ó fi ẹ̀rín músẹ́ ṣàfihàn ẹgbẹ́ náà bí ẹni ń ṣàfihàn àwọn ọmọ tó gbẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin bú sígbe. Kurt Cobain, olóhùn wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ kóòtù, irun wọn dúró wámúwámú. Ètò orí tẹlifíṣàn àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ń sín jẹ, irú ti Ed Sullivan tí àwọn Beatles lọ kọrin lórí rẹ̀ ní 1964. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé wọ́n ń já àwòrán mìíràn wọ inú rẹ̀: àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí kan náà, lórí ìtàgé kan náà, ṣùgbọ́n gáùn obìnrin ló wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì ń fọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Atọ́kùn ò rí ìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ké ò rí i. Orin náà fúnra rẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń bá olórin kọrin láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń bú. Ìsínjẹ náà àti orin náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó ti kan àwọn Nirvana náà ṣáájú fídíò yẹn. Lọ́dún 1992 yẹn kan náà ni “Weird Al” Yankovic, olórin tó ń fi orin olórin sín wọn jẹ, gbé “Smells Like Nirvana” jáde. Ó fara wé “Smells Like Teen Spirit”, fídíò tó sọ wọ́n di olókìkí: irú gbọ̀ngàn iléèwé kan náà, èéfín kan náà, kódà ọkùnrin tó ṣe agbálẹ̀ nínú fídíò ti Nirvana ló tún pè wá. Kó tó ṣe é, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Cobain. Cobain bi í bóyá orin oúnjẹ ni yóò sọ ọ́ dà, torí oúnjẹ ni wọ́n mọ Yankovic mọ́. Ó ní rárá, ó ní ọ̀rọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí Cobain ń kọ ni. Cobain gbà. Nínú fídíò náà, Yankovic kó gólí sẹ́nu, ó sì ń kọrin lọ.

“Sabotage” ti ẹgbẹ́ Beastie Boys, ní 1994, kò bá olórin kankan jà. Eré ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1970 ni Spike Jonze tó darí rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta náà dojú kọ. Túbọ̀mu àlẹ̀mọ́ tún ni o (mi ò mọ ohun tó wà láàárín ìsínjẹ àti túbọ̀mu). Wọ́n ń fi ìdí yọ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn tí kò tì, orúkọ àwọn òṣèré tí kò sí láyé ń yọ lójú àwòrán bí ẹni pé eré gidi ló ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan kí èèyàn já láti òkè, ọmọláńgidi ni wọ́n jù sílẹ̀, wọn ò sì ṣe wàhálà láti fi í pamọ́. Ẹ ó rí i pé ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn àwọn eré wọ̀nyẹn láti kékeré kò lè rántí bí wọ́n ṣe ń gé àwòrán wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ìsínjẹ a máa padà sórí ẹni tó ṣe é nígbà mìíràn. Dave Grohl, tó ń lu ìlù fún Nirvana, dá Foo Fighters sílẹ̀, ní 1996 wọ́n sì fi “Big Me” sín ìpolówó súìtì Mentos jẹ. Àwọn ìpolówó náà ní ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà: ẹnì kan kó sí wàhálà kékeré, ó ju súìtì sẹ́nu, ọgbọ́n dé, ó na páálí súìtì sókè, ẹ̀rín gba ẹnu. Foo Fighters ṣe é gẹ́lẹ́, Footos ni wọ́n sì pe súìtì tiwọn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dé orí ìtàgé, Mentos ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń sọ lù wọ́n. Súìtì tó le bí òkúta, láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Ó pẹ́ tí wọn ò fi kọ orin náà lójú agbo mọ́.

Ti ẹgbẹ́ Blink-182 tún le díẹ̀. “All the Small Things” ti ọdún 1999 fi àwọn ẹgbẹ́ ọmọkùnrin bíi Backstreet Boys ṣe yẹ̀yẹ́: ijó ọlọ́wọ́ọ̀wọ́ níwájú ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ funfun létí òkun, ojú tó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn Backstreet Boys gan-an ló sáré lọ rà á. Fídíò náà gba àmì ẹ̀yẹ MTV fún ẹgbẹ́ olórin ní ọdún 2000. Mo máa ń rò ó pé ṣé yẹ̀yẹ́ ṣì ni lẹ́yìn ìyẹn, àbí wọ́n ti bá wọn ṣe é.

Èyí tó kù kì í ṣe ìsínjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń pa á pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń sín nǹkan jẹ ń ṣe nǹkan náà, ó kàn ń ṣe é láṣejù ni. Ẹlòmíràn wà tí kò ní ṣe é rárá, tó máa dojú ìlànà dé. Ní 1985, àsìkò tí fídíò túbọ̀ ń gbówó lórí, iléeṣẹ́ ńlá tó ń gbé orin jáde ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹgbẹ́ Replacements, fídíò sì di dandan fún “Bastards of Young”. Wọ́n ṣe é ní dúdú àti funfun. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni ojú sípíkà kan tó ń gbọ̀n, ó gba gbogbo àwòrán. Kámẹ́rà ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. A retí olóhùn, kò yọ. A retí jìtá, kò yọ. Apá ẹnì kan tó jókòó sórí àga wá hàn, ó ń mu sìgá, òun náà ń gbọ́ orin bíi tiwa. Ẹni tó ti wo fídíò ọgọ́rùn-ún ṣáájú èyí mọ ohun tó yẹ kó ti yọ báyìí, ó sì ń dúró dè é. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí èéfín àfi ti sìgá. Orin lọ sópin, ọkùnrin náà dìde, ó ta sípíkà náà nípàá, ó sì jáde lọ.