Ìdí tí fóònù Android fi ń kú ní 30%

Fóònù wà lọ́wọ́, 30% ló wà lójú rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo fẹ́ ya àwòrán àǹkárá kan ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bó ṣe tẹ kámẹ́rà tí iná rẹ̀ kọ yẹ̀rì, fóònù kú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi jí, ó tún kọ 28% sójú. Àwọn tó wà nítòsí á ní fóònù ti bàjẹ́, ẹlòmíràn á ní kó lọ gbé e fún wọn kí wọ́n bá a fi sọ́fítíwíà tuntun sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, sọ́fítíwíà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Bátìrì ni, bó sì ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn.

Irú bátìrì tó wà nínú fóònù òde òní ni wọ́n ń pè ní lithium-ion. Ọdún 1991, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí Òṣogbo di olú-ìlú rẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà. John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, pín ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2019. Bí wọ́n bá tú u (kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé), bébà bàbà àti ti álúmíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká pọ̀ bí ẹní. Ọ̀kan ní graphite lára, irú èédú dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Ìkejì ní àdàpọ̀ lithium àti irin mìíràn bíi cobalt. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan là wọ́n láàárín kí wọ́n má fara kanra, wọ́n sì rẹ gbogbo rẹ̀ sínú oògùn olómi kan. Bí fóònù bá wà níná, hóró lithium á kúrò ní ẹ̀gbẹ́ irin, wọ́n á lọ há sínú graphite. Bí èèyàn bá ń lò ó, wọ́n á máa padà sílé díẹ̀díẹ̀, ìpadàbọ̀ wọn yẹn ló ń fún fóònù ní iná.

Kò sí ohun tó ń yọjú wo inú bátìrì tó sì rí 30 níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú fóònù ló ń ṣírò rẹ̀: iná tó wọlé, iná tó jáde. Ó dà bí oníràìsì tí kì í wo inú àpò, tó jẹ́ pé kóńgò tó ń bù síta ló ń kà. Bó bá mọ̀ pé àpò náà gba 40 kóńgò, tó sì ti bu 28, á ní ó ku 12. Ìṣírò rẹ̀ péye bí àpò bá ṣì gba 40. Àmọ́ bí àpò bá ti sún kì, tó jẹ́ 30 ló ń gbà báyìí, kóńgò 2 péré ló kù nílẹ̀. Bátìrì tó ti pẹ́ ni àpò tó sún kì yẹn. Fóònù ṣì ń pín in sí ọgọ́rùn-ún bí ẹni pé tuntun ni.

Fóònù tún ní ohun kejì tó ń wò, ìyẹn fólítéèjì, agbára tí bátìrì fi ń ti iná jáde. Bó bá kún, ó máa ń wà láàárín fólítì (V) 4.2 sí bíi 4.4, ó sinmi lórí irú bátìrì náà. Bó bá ti ń sún mọ́ 3.3, fóònù á pa ara rẹ̀ kí bátìrì má bàa bàjẹ́ pátápátá. Ibí yìí gan-an ni kámẹ́rà ìyá aláṣọ yẹn ti wọ inú ọ̀rọ̀. Iná kámẹ́rà, ìpè, fídíò, gbogbo wọn máa ń béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú bátìrì tuntun, ọ̀nà là, iná á jáde wọ̀ọ̀. Nínú èyí tó gbó, ọ̀nà ti dí, bí agbè ẹmu tí ìdọ̀tí há sí lọ́rùn: ẹmu ṣì wà nínú rẹ̀, bí èèyàn bá rọra dà á á máa jáde, bó bá fẹ́ kó tú jáde lójijì, kò ní rí nǹkan kan. Fólítéèjì á já wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fóònù á rò pé ó ti tán, á pa ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un tàn, tí kò sí ohun ńlá tó ń béèrè iná, á jí, nítorí ẹmu ṣì wà nínú agbè.

Ìdí nìyí tí ìdánwò ti rọrùn. Fóònù tó ń kú ní 30% nígbà tí wọ́n bá tan kámẹ́rà tàbí tí wọ́n ń pe èèyàn, tó sì ń jí láì fi í síná, bátìrì rẹ̀ ti gbó, kò sí sọ́fítíwíà tó lè sọ ọ́ di tuntun. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló ń fò, tó ń ti 45% bọ́ sí 31% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àmọ́ tí kò kú, kí wọ́n lò ó títí á fi kú fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá fi síná títí á fi kún láì yọ ọ́. Oníràìsì náà á tún àpò rẹ̀ wọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù díẹ̀ tó, torí kíkú tán lemọ́lemọ́ kì í ṣe bátìrì lóore.

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti pẹ́ gan-an, pé fóònù tuntun gbọ́dọ̀ wà níná fún wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó lò ó, àti pé kó kú tán kí wọ́n tó tún fi síná. Kì í ṣe irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bátìrì nickel tó wà nínú fóònù ayé àtijọ́ ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lithium kò fẹ́ ẹ. Ohun tó fẹ́ ni kó wà láàárín, bíi 20 sí 80, kó sì wà níbi tó tutù.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, kíkún dẹ́múdẹ́mú fún ìgbà pípẹ́ ló tẹ̀lé e. Bí méjèèjì bá pàdé, oògùn inú bátìrì á máa bá lithium jà, á máa dì mọ́ ara graphite bí ìpẹta, lithium tó bá sì ti há síbẹ̀ kì í padà ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù tó sùn níná lábẹ́ ìrọ̀rí, tàbí èyí tí awakọ̀ gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lójú oòrùn oṣù Kẹta láti Òkèfìà dé Gbọ̀ngán, ohun tí wọ́n ń ṣe sí i nìyẹn. Kì í ṣe pé iná ń wọ̀ ọ́ jù lóru. Bó bá ti kún, fóònù fúnra rẹ̀ máa ń dá iná dúró. Ooru àti kíkún ni ìṣòro. Nínú àwọn fóònù kan, Settings, lábẹ́ Battery, ní ibi tí wọ́n ti lè sọ fún un pé kó dúró ní 80%. Ẹni tó ń fi fóònù síná sùn lálaalẹ́ kò ní kábàámọ̀ pé òun tan án.

Ìyípo ni wọ́n fi ń ka bí bátìrì ṣe ń gbó. Ìyípo kan ni kí èèyàn lo 100% lápapọ̀: 50% lónìí, 50% lọ́la, ìyípo kan nìyẹn. Láti oṣù Kẹfà 2025, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí fóònù tí wọ́n bá ń tà lọ́hùn-ún ṣì lè gba 80% agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìyípo 800. Fún ẹni tó ń lo odidi ìyípo kan lójúmọ́, 800 ju ọdún méjì lọ díẹ̀.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ bátìrì kò lè dá dúró láìsí ọ̀rọ̀ iná. Ìlú yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ kí ohun tí wọ́n ń pèsè àti ohun tí aráàlú ń lò má bàa yàtọ̀ síra. Àmọ́ iná tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kan ní Alékúwodò sinmi lórí tiransifọ́mà àdúgbò àti wáyà orí òpó. Ara ṣájà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 100–240V ni ó lè gbà. Nítorí náà, iná tó rẹlẹ̀ tí fáànù kò lè fi yí dáadáa ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ṣájà. Èyí tó ń pa á ni iná tó ga lójijì nígbà tí NẸ́PÀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí nígbà tí wáyà neutral (èyí tí iná ń gbà padà) bá já lórí òpó. Kí wọ́n yọ ṣájà kúrò bí iná bá lọ, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dé. Ìnáwó kò sí nínú ìyẹn, ó sì ti gba ṣájà púpọ̀ là.

Ṣájà kì í ti iná mọ́ fóònù lọ́rùn. Fóònù ló ń béèrè, ṣájà á fún un. Ṣájà 33W (W ni wọ́ọ̀tì, ìwọ̀n bí iná ṣe ń pọ̀ tó) kò lè ba fóònù tó ń gba 10W jẹ́ bó bá jẹ́ ojúlówó, 10W yẹn náà ni á gbà. Láti gba iná kíákíá, méjèèjì ní láti bára wọn sọ̀rọ̀ gba inú okùn. Okùn olówó pọ́ọ́kú tí wáyà inú rẹ̀ kéré kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, fóònù á kàn máa gba iná díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà pé láti bíi 80% sókè, fóònù á mọ̀ọ́mọ̀ dín iná kù. Kì í ṣe àìsàn.

Kí wọ́n tó ní ẹnu ṣájà ti bàjẹ́, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Òwú àpò ṣòkòtò máa ń kóra jọ síbẹ̀ títí okùn kò fi ní wọlé tán mọ́. Kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n fi igi ìtayín rọra yọ ọ́, kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ ṣe é.

Nígbà mìíràn, bátìrì kò ní ẹ̀bi kankan, ohun tó ń jẹ iná ló pọ̀. Ojú fóònù tó mọ́lẹ̀ jù ni àkọ́kọ́. Èyí tó ṣòroó rí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá jìnnà, fóònù á gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè dé ibẹ̀, bí ẹni tó ń ké pe ará òdìkejì odò. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò á kún igbó Ọ̀ṣun, igi ńláńlá á bo ojú ọ̀run, ọ̀kẹ́ àìmọye fóònù á sì máa du òpó kan náà. Ẹni tó ń gbé fídíò sókè láti ibẹ̀ á rí i pé fóònù gbóná, bátìrì sì ń lọ bí omi. Kó gba fídíò náà sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ bó bá padà dé ìgboro.

Settings, lẹ́yìn náà Battery, á fi áàpù tó ń jẹ iná jù hàn. Bí kò bá ṣe kedere, ọ̀nà kan wà: kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìpafóònù, kí wọ́n tẹ Power off mọ́lẹ̀ títí Safe mode á fi jáde, kí wọ́n gbà. Fóònù á tàn láì jẹ́ kí áàpù kankan tí wọ́n gbé wọlé fúnra wọn ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn áàpù náà ni olè.

Kò yẹ kí wọ́n máa gbé áàpù tó ní òun ń "fọ" fóònù wọlé o. Láti Android 6 ní 2015 ni fóònù ti mọ bó ṣe ń mú áàpù sùn nígbà tí wọn kò bá lò ó. Áàpù afọfóònù á pa wọ́n, wọ́n á tún jí, jíjí yẹn ń jẹ iná ju oorun lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọlọ́jà jù, nítorí fóònù kan wà tó máa ń fi agídí mú áàpù báńkì sùn. Oníbàárà á ti sanwó, áàpù kò ní dún. Kí wọ́n wọ Settings, Apps, mú áàpù báńkì náà, wọ Battery rẹ̀, kí wọ́n yan Unrestricted. Álẹ́ẹ̀tì tó ń bá SMS wọlé kò sí lára èyí, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tokunbọ̀ ní Ọláìyá, kó má kàn wo 5000 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) tí wọ́n kọ sára páálí. Bátìrì ń gbó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ì báà jẹ́ inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Kó béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó kéré sí 40%, kó tan kámẹ́rà pẹ̀lú iná rẹ̀, kó gba fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òótọ́ á jáde. Bó bá jẹ́ bátìrì nìkan ló fẹ́ pààrọ̀, kí nọ́ńbà ara tuntun bá ti àtijọ́ mu, kó sì fi méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́. Lithium àti irin inú rẹ̀ ní ìwúwo, bátìrì tó fúyẹ́ ju àtijọ́ lọ dáadáa kò lè gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Bí ẹ̀yìn fóònù bá ń gbé sókè, tí gíláàsì ń yọ kúrò láyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ti kún inú bátìrì. Kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ padà, kí wọ́n má gún un kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí wọ́n má fi í síná mọ́. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n gbé e fún atúnfóònùṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Bátìrì tí wọ́n bá yọ kúrò, kí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọmọdé má rí i fi ṣeré, kó má sì dé orí ààtàn ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń dáná sun, nítorí inú iná ló ti máa ń bú gbàmù.