Lọ́yà Houston Kò Lè Ṣe Ìwé Ilẹ̀ Ọbáńtokò

Kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í gbé fáìlì wọ ọ́fíìsì mi ní Òkè-Ìlewó, tí á ní, "Lọ́yà, ẹ má wulẹ̀ dààmú, lọ́yà ọmọ mi ní Houston ti parí ẹ̀. Ẹ ṣáà bá wa fọwọ́ sí i." Tí mo bá ṣí fáìlì ọ̀hún, ìwé ilẹ̀ Ọbáńtokò ni, tí ẹni tí kò tẹ Abẹ́òkúta rí fi òfin Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà ní Amẹ́ríkà, kọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, iṣẹ́ lọ́yà yàtọ̀ sí iṣẹ́ dókítà. Ẹ̀dọ̀ tó wà nínú ará Amẹ́ríkà náà ló wà nínú ará Ìtòkú. Òfin kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, èèyàn á kọ́kọ́ gboyè ní yunifásítì lórí ohun tó bá wù ú, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fi ọdún 3 kọ́ òfin. Ó tún kù kó ṣe ìdánwò ìpínlẹ̀ tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Lọ́yà tí wọ́n fún láṣẹ ní Texas kò lè kàn dìde kó lọ máa gbẹjọ́ rò ní New York. Àṣẹ tí kò lè dá kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì lábẹ́ àsíá kan náà, òun lẹ fẹ́ kó la òkun kọjá wá sí Ìsàbọ̀?

Ní Jámánì, ìdánwò ìjọba méjì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì fi nǹkan bí ọdún 2 láàárín méjèèjì kiri kóòtù, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba àti ti lọ́yà. Ẹ̀kọ́ kan náà ni adájọ́ àti lọ́yà ń gbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ fi lè di adájọ́ níbẹ̀. Nílé wa, kò sẹ́ni tó lè jókòó sórí àga adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga tí kò tíì pé ọdún 10 tó ti di lọ́yà.

Ní England, wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì. Solicitor ló ń bá oníbàárà jókòó, tó ń kọ ìwé. Barrister ló sábà máa ń dojú kọ adájọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn barrister wọ̀nyí ni iṣẹ́ wa ti ṣẹ̀. Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, ọdún 1879 ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní Inner Temple, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ àwọn barrister ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: ẹjọ́ rírò ni wọ́n kọ́ wọn, iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n wá ń ṣe nílé, kò sì sí olùkọ́ Lọ́ńdọ̀nù tó sọ fún wọn bí ẹbí ṣe ń pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ìgbìmọ̀ Unsworth tí ìjọba gbé kalẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1959, ní 1962 ni wọ́n sì ṣòfin tó bí Law School tiwa.

Lónìí, ọdún 5 ni púpọ̀ nínú wa ń lò ní yunifásítì ká tó wọ Law School. Body of Benchers, ìgbìmọ̀ tó ń gbani wọlé sí iṣẹ́ lọ́yà, á pè wá, a ó sì kọ orúkọ wa sínú ìwé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ọjọ́ yẹn la di barrister àti solicitor pa pọ̀, ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja. Kódà ọmọ tó gba oyè òfin ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ wá kọ́ òfin ilé ní Bar Part I, apá àkọ́kọ́ ní Law School, kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Iṣẹ́ ńlá ni, orí mi sì ń wú pé mo ṣe é.

Ọ̀rọ̀ nótárì ló wá ń bí mi nínú jù. Òǹtẹ̀ pupa yẹn ti ya yín ní wèrè! Ní Amẹ́ríkà, akọ̀wé báńkì lè jẹ́ nótárì. Kò kọ́ òfin, kò sì mọ ohun tó wà nínú ìwé yín. Ó kàn ń jẹ́rìí pé ẹni tó fọwọ́ sí i ló dúró níwájú òun. Ẹ sọdá Ìdìrókò sí orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, níbi tí wọ́n ti ń lo òfin àwọn Faransé, ẹ ó rí i pé amòfin pàtàkì ni nótárì níbẹ̀: òun ló ń kọ ìwé ilẹ̀, tó sì ń tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Ní Nàìjíríà, lọ́yà tí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yàn ni. Ẹ má rí òǹtẹ̀ akọ̀wé báńkì kẹ́ ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹ ò sì ní láti dé Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ tó rí ayédèrú. Àwọn tó ń tẹ àgíríméǹtì ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ, ọ̀daràn ni wọ́n. Abala 22 òfin àwọn lọ́yà sọ pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tó bá gbowó kọ ìwé ilẹ̀ ti ṣẹ̀. Nígbà tí ìwé wọn bá wá tú, ẹ ó lọ fi àgádágodo ti orúkọ adájọ́ mọ́lẹ̀. Owó àgádágodo àti ti babaláwo yẹn ì bá ti san owó ìwádìí ilẹ̀.

Opó kan wá bá mi láti Ìbarà. Ọmọ rẹ̀ ra ilẹ̀ láti òkè òkun, lọ́yà ibẹ̀ kọ ìwé, nótárì lu òǹtẹ̀, wọ́n fi dọ́là sanwó. Ẹnikẹ́ni kò dé ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Òkè-Mosàn. Ilé ti dé lẹ́ńtẹ̀ẹ̀lì kí ẹlòmíì tó yọ pẹ̀lú C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ti fọwọ́ sí tipẹ́tipẹ́. Mo gba ìwé náà, mo kà á délẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, lọ́yà Amẹ́ríkà yẹn fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé òun kò láṣẹ lórí òfin Nàìjíríà, kí wọ́n wá lọ́yà níbẹ̀ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Olóòótọ́ èèyàn ni. Ìyá kò ka ibẹ̀, ọmọ kò ka ibẹ̀. Ilé ti wó báyìí.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ kí ẹ ṣojú òun, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ibí kọ ìwé páwà ọf àtọ́nì náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kó fọwọ́ sí i níwájú nótárì ibẹ̀ tàbí kọ́ńsúlù Nàìjíríà. Òfin ẹ̀rí ti 2011 gba irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀, ohun tí òǹtẹ̀ yẹn sì wúlò fún nìyẹn. Ojúlówó ìwé ni kó dá padà. Ẹ má gbé fọ́tò WhatsApp wá bá mi.