Bí ẹ́ńjìnnì kékeré orí kẹ̀kẹ́ ṣe ń ní agbára sí i

Ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, tí àwọn èèyàn Amẹ́ríkà àti ibòmíràn máa ń rà nínú páálí, tí wọ́n á sì dè mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà. Wọ́n sábà máa ń kọ 80cc, ìyẹn ìwọ̀n àyè inú sílíńdà, sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀n ọ́n yóò rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ojú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 47, písítìnì rẹ̀ sì ń rin mílímítà 38 tàbí 40 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi 66cc ni, tàbí 69cc fún èyí tó rìn gùn jù. Kékeré náà tó láti gbé èèyàn, àmọ́ agbára tó lè ti inú rẹ̀ jáde ju èyí tó ń bá páálí wá lọ. Bí atẹ́gùn àti epo ṣe ń wọlé, àti bí èéfín ṣe ń jáde, ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Tú-sítúróòkù ni ẹ́ńjìnnì yìí. Kò ní fáfù kankan. Písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò, òun náà ló ń dí i. Bó ṣe ń gòkè, ó ń fún atẹ́gùn àti epo tó wà lókè rẹ̀ pọ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà ló ń fa òmíràn wọ inú àpótí kíráǹkì tó wà nísàlẹ̀. Pílọ́ọ̀gì á ta iná, písítìnì á já wálẹ̀. Ihò èéfín ló máa kọ́kọ́ ṣí, èéfín á tú jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ihò tó ti inú àpótí kíráǹkì wá á ṣí, tí atẹ́gùn tuntun á sì rọ́ wọlé. Ìyípo kan péré, iṣẹ́ ti parí. Fún ìgbà díẹ̀, ihò méjèèjì ló ṣí papọ̀, apá kan nínú epo tí kò tíì jó á sì bá èéfín lọ. Ibẹ̀ ni òfò wà, ibẹ̀ náà sì ni èrè wà fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ní Nàìjíríà kò ní ṣàjèjì sí i, torí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù ni pé epo náà gba inú àpótí kíráǹkì kọjá, ọ́ìlì inú rẹ̀ ló sì ń mú kí bẹ́rìngì àti písítìnì máa yọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé fáìlì láti fẹ ihò ara sílíńdà, ojú ibi tí atẹ́gùn ti ń jò ni kó kọ́kọ́ wá. Àpótí kíráǹkì ló ń ṣe iṣẹ́ póńpù, póńpù tó bá sì ń jò kò wúlò. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àlàfo láàárín sílíńdà àti kabúrétọ̀, níbi tí atẹ́gùn àti epo ti ń pò pọ̀, ló sábà máa ń jò jù. Tí wọ́n bá já tọ́rótù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fà kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò rọlẹ̀, tó ṣì ń han, atẹ́gùn tí kò gba kabúrétọ̀ ló ń wọlé níbì kan.

Ìwọ̀n ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Fún ẹ́ńjìnnì tuntun, wọ́n sábà máa ń lo 16 sí 1, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 62 sínú lítà bẹntiróòlù kan. Tó bá ti mọ́ra, wọ́n á dín in kù sí 20 tàbí 25 sí 1. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí: àwọn kan rò pé tí ọ́ìlì bá pọ̀, epo ti pọ̀ nìyẹn. Rárá o. Ihò kabúrétọ̀ kò fẹ̀ sí i. Bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó nínú ohun tó ń gbà á kọjá ni bẹntiróòlù inú rẹ̀ á ṣe dín kù tó, ẹ́ńjìnnì á sì túbọ̀ gbóná. Nítorí náà, ẹni tó bá yí ìwọ̀n ọ́ìlì padà gbọ́dọ̀ tún kabúrétọ̀ wò.

Kabúrétọ̀ gan-an ni ibi tó yẹ kí sùúrù pọ̀ sí jù. Nǹkan méjì ló ń pín epo nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ tó so mọ́ tọ́rótù, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá fa tọ́rótù dé ìdajì. Ó ní ìlà kéékèèké lórí, tí ìpín wáyà kan há sí. Tí wọ́n bá gbé wáyà náà sí ìlà ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á ga, epo á pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá gbé e sókè, epo á dín kù. Èkejì ni jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí ihò inú rẹ̀ kò tó mílímítà kan, òun ló ń pàṣẹ nígbà tí wọ́n bá fa tọ́rótù dé òpin.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá jẹ́ẹ̀tì náà dára nìyí. Wọ́n á fi pílọ́ọ̀gì tuntun sí i, wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, wọ́n á wá fa tọ́rótù dé òpin lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀. Láì tíì já tọ́rótù sílẹ̀, wọ́n á pa iná rẹ̀, wọ́n á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kẹ̀kẹ́ á sì máa yí lọ títí tó fi máa dúró. Wọ́n á tú pílọ́ọ̀gì níbẹ̀, wọ́n á wo eérú funfun tàbí dúdú tó wà lára tánganran rẹ̀. Tó bá dúdú, tó tutù, epo ti pọ̀ jù. Agbára ń ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Tó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ó ti tó. Tó bá funfun, kí wọ́n má gùn ún mọ́ títí wọ́n fi máa pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, torí ooru tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ kí písítìnì wú, kó há mọ́ sílíńdà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ jù, tí wọ́n á sì máa dín in díẹ̀díẹ̀. Àti wá láti apá epo púpọ̀ kì í ba nǹkan jẹ́.

Wíwọn àlàfo tó wà láàárín písítìnì àti orí sílíńdà kì í gba àkókò. Wọ́n máa ń ki ìpín lẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò pílọ́ọ̀gì wọlé títí tó fi kan ògiri sílíńdà, wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí písítìnì lè tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá wọn ibi tó ti tẹ́. Àlàfo tó bá tó mílímítà kan tàbí tó dín díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Páìpù èéfín ni ohun tó yani lẹ́nu jù lára ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ rí páìpù oníkùn ńlá á rò pé ariwo lásán ni. Àmọ́ nígbà tí ihò èéfín bá ṣí lójijì, ìgbì kan ń sáré lọ nínú páìpù náà. Níbi tí páìpù ti ń fẹ̀, ìgbì tó ń fa nǹkan ló ń padà wá. Ó ń fa èéfín tó kù jáde, ó sì ń fa atẹ́gùn tuntun gòkè láti inú àpótí kíráǹkì, débi pé díẹ̀ ń ṣàn kọjá wọ inú páìpù. Níbi tí páìpù bá ti tún ń fún, ìgbì tó ń ti nǹkan ló ń padà wá, á sì ti epo tó ti sá jáde yẹn padà sínú sílíńdà kí písítìnì tó dí ihò.

Gígùn páìpù ló ń sọ ìgbà tí ìgbì náà máa dé. Ká ní ihò èéfín ṣí fún digírì 160 nínú ìyípo kan, tí ìgbì sì ń sáré tó mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú èéfín gbígbóná. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, páìpù tó máa bá a mu á gùn ju mítà kan lọ díẹ̀. Fún 8,000, á kù sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 83. Ìdí nìyí tí páìpù tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì mìíràn fi lè sọ èyí di ọ̀lẹ. Ẹnjiníà Walter Kaaden ló sọ ìmọ̀ yìí di ńlá ní MZ, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ní Zschopau, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ní àwọn ọdún 1950. Lọ́dún 1961, ẹni tó ń gun alùpùpù fún wọn, Ernst Degner, sá kúrò nílùú, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ bá Suzuki ní Jàpáánù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Suzuki gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ẹ́ńjìnnì 50cc, Degner ló sì gùn ún.

Fífi fáìlì fẹ ihò ara sílíńdà ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí irin tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé dá padà. Tí wọ́n bá gbé òkè ihò èéfín ga, ihò náà á tètè ṣí, agbára á sì sún lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá; ìgbéra rẹ̀ á wá rọ. Fún ẹni tó ń gun òkè, àdánù gidi nìyẹn. Inú sílíńdà yìí jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kúróòmù bò, nítorí náà fáìlì gbọ́dọ̀ máa gé láti inú lọ sí ìta, kí kúróòmù má baà ṣí. Tí etí ihò bá sì mú, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí rìngì ara písítìnì má baà kọ́ ọ.

Ní ti sípírókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, èyí tó wà lẹ́yìn sábà máa ń ní eyín 44, tí ti iwájú ní 10. Nínú ẹ́ńjìnnì, gíà eyín 20 ló ń yí ti eyín 82. Pẹ̀lú táyà ínǹṣì 26, ìyípo 6,000 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 41 ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá fi eyín 36 sí ẹ̀yìn, á di 50. Àmọ́ agbára tí búrẹ́èkì gbọ́dọ̀ pa kì í fi iye kan náà pọ̀ sí i: láti 41 dé 50, ó fi nǹkan bí ìdajì lé sí i, bẹ́ẹ̀ rọ́bà kékeré tó ń fún rímù ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Búrẹ́èkì dísíìkì tó dára ní iwájú ló yẹ kó ṣáájú sípírókẹ́ẹ̀tì eyín 36.