Kí Ni Wọ́n Ń Gbà Lọ́wọ́ Yín?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ́de, kí n bá wọn ro ọ̀rọ̀ náà já kí wọ́n tó jáde. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń dé pẹ̀lú páálí tí wọ́n ti kọ nǹkan sí, orin ti wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ti mú ọjọ́. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n kì í bá wọn lára mu: kí ni ẹni tí ẹ ń bá jà ń gbà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, tí kò lè rí gbà níbòmíì? Ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Wọ́n ti ro ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọn ò tíì ro ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa pe àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní "àwọn tí kò lóhùn". Ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n lóhùn. Nídìí àdògán, nínú ọkọ̀, lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń sọ ọ́, ó sì ń yé ara wọn. Ibi tí àìdọ́gba wà ni pé ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹjọ́ wíwí, ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ pè lẹ́jọ́ ló wà. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ń rẹ́ jẹ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ní kó kọ̀wé sí. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tó ń dé bá ẹni tó sọ̀rọ̀ tí kò sì sí ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti rí i tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró kí wọ́n kìlọ̀ fún òun.

Ẹ wo Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, aláwọ̀ funfun ló ń jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn, bí iwájú bá sì kún, aláwọ̀ dúdú ló máa dìde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954, Jo Ann Robinson, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan níbẹ̀, kọ lẹ́tà sí olórí ìlú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bí wọn ò bá wọ̀ ọ́ mọ́, iṣẹ́ ọkọ̀ náà á dẹnu kọlẹ̀. Kò sí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, Robinson kan náà wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, ó ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìléwọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, bọ́ọ̀sì ń kọjá lófìfo.

Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ìtàn yìí, ìwàásù Martin Luther King, pásítọ̀ tó ṣáájú wọn, lẹ máa ń rántí. Èmi, epo ọkọ̀ ni mo máa ń rò. Àwọn awakọ̀ takisí aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ ń gba sẹ́ǹtì mẹ́wàá, iye kan náà pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, títí ìjọba ìlú fi gbé òfin tó ní iye kan wà tí takisí kò gbọdọ̀ gbà dín sí dìde. Ni wọ́n bá kó ọkọ̀ ara wọn jọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, wọ́n yan ibùdó tí wọ́n ti ń gbé èèyàn. Ọlọ́pàá ń dá awakọ̀ dúró lórí ẹ̀sùn tí kò tó nǹkan, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀yìn sí wọn, àwọn kan ju bọ́ǹbù sílé King. Georgia Gilmore, alásè, àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń se oúnjẹ tà, wọ́n ń fi owó rẹ̀ ra epo.

Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè kéré: kí awakọ̀ máa bọ̀wọ̀ fún wọn, kí ẹni tó bá ti jókòó má dìde fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gba awakọ̀ aláwọ̀ dúdú sí ojú ọ̀nà tí èèyàn wọn pọ̀ sí. Wọn ò tilẹ̀ ní kí wọ́n fagi lé ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn òfin tó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun. Ìjọba ìlú kọ̀. Kíkọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lọ béèrè gbogbo rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ní Iceland, orílẹ̀-èdè kan ní ìhà àríwá Yúróòpù, ọjọ́ kan péré ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin ibẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́, wọn ò dáná, wọn ò tọ́jú ọmọ. Àwọn bàbá ń kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò pè é ní ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n ní obìnrin fẹ́ gba ìsinmi ni, kí ẹ̀rù má bàa ba ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lè lé. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin jáde.

Buenos Aires, olú ìlú Argentina, ni ìbéèrè mi ti fẹ́ kùnà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1977, ìyá mẹ́rìnlá péjọ sí Plaza de Mayo níwájú ààfin ìjọba. Àwọn ológun tó gbàjọba ní 1976 ti jí ọmọ wọn gbé, wọ́n sì ń sẹ́. Kí ni ológun ń gbà lọ́wọ́ ìyá mẹ́rìnlá? Ó pẹ́ kí n tó rí i: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Irọ́ pé kò sẹ́ni tó sọnù kò lè dúró àfi bí àwọn ìyá bá jókòó sílé sunkún. Ọlọ́pàá ní wọn kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, kí wọ́n máa rìn. Wọ́n bá ń rìn, ní méjìméjì, wọ́n ń yí ọwọ̀n àárín gbàgede náà po, Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n jí mẹ́ta nínú àwọn ìyá náà gbé, títí kan Azucena Villaflor, tí wọn ò dá egungun rẹ̀ mọ̀ títí di 2005. Síbẹ̀ àwọn yòókù ń padà wá.

Ẹ ó ti gbọ́ pé bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú bá jáde, ìjọba á wó. Erica Chenoweth, olùwádìí nípa ìjà ìlú, ló ṣe ìṣirò náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Èyí tí òun àti Maria Stephan, olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rí nínú ìjà ìlú láti 1900 sí 2006 ló ṣe mí ní àǹfààní jù: àwọn tí kò gbé ohun ìjà ṣàṣeyọrí ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tó gbé e. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìyá àgbà kò lè gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ó lè rìn, sójà sì lè rí àbúrò rẹ̀ láàárín èrò kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo máa ń wò nípàdé, tí mi ò kì í sọ lójú gbogbo èèyàn: ta ló ń to àga, ta ló sì ń di makirofóònù mú? Nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà ń tẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Rosa Parks, ọmọ ọdún 15 kan, Claudette Colvin, ti kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì Montgomery, ọlọ́pàá sì ti wọ́ ọ jáde. Àwọn aṣáájú wò ó, wọ́n ní ó ti kéré jù, ilé tálákà ló ti wá. Nígbà tó yá, ó lóyún. Wọn ò fi ojú rẹ̀ han ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù ní 1956, obìnrin mẹ́rin ló pè é, Parks kò sí lára wọn, Colvin wà níbẹ̀, ó sì jẹ́rìí. Ẹjọ́ yẹn ló fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ ọ jáde kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọdún 2021, nígbà tó ti di ẹni ọdún 82, ni adájọ́ kan tó pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé.