Awọ gaara ni mo pè é: ohun tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe fún iwájú ẹyinjú

Ẹ sọ fún ìyá àgbà kan ní Bẹẹrẹ pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń ba "kọ́níà" ojú wọn (cornea, ìbòrí tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú) jẹ́, kí ẹ wo ibi tí wọn yóò fọwọ́ kàn. Igun ojú ni. Kọ́nà ni etí wọn gbọ́, kọ́nà náà ni wọ́n sì ń sọ fún awakọ̀ Micra lójoojúmọ́ pé kí ó já àwọn sí. Kí wá ni àǹfààní ọ̀rọ̀ àyálò tí ń ti aláìsàn lọ síbi tí àìsàn kò sí?

Àwọn tó sá fún kọ́níà bọ́ sọ́wọ́ "dígí ojú". Èyí tún burú sí i. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní òun gbàgbé tòun sílé, torí awò ni ó máa rò. Dígí kì í dá egbò, kì í bó, kì í jinná, kì í dunni. Ohun tí à ń sọ yìí ń ṣe gbogbo wọn.

Awọ gaara ni mo ń pè é. Awọ, nítorí ó wà láàyè. Gaara, nítorí kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá bí ìgbà tí omi mọ́ tí a ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní "awọ mímọ́ gaara" ló yẹ kó jẹ́, pé gaara kò lè dá dúró. Girama rẹ̀ lè tọ̀nà, àmọ́ orúkọ tí aláìsàn kò lè pè tán kí nọ́ọ̀sì tó kọjá, ta ni ó fẹ́ wúlò fún? Ní ti "ìtọ̀ ṣúgà", mo mọ̀ pé ó ń mú kí èèyàn rò pé inú ìtọ̀ ni wàhálà náà parí sí, ṣùgbọ́n n kò lè bá gbogbo ọjà Bódìjà jà.

Ìpele 5 ni awọ gaara ní, bẹ́ẹ̀ ní àárín kò nípọn ju nǹkan bí 0.5 mìlímítà lọ. Ìpele òkè àti ìtẹ́lẹ̀ tí ó jókòó lé nìkan ni mo ní í sọ. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Inú omijé ni awọ gaara ti ń gba ọ́síjìn, inú omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á pọ̀ nínú omi yẹn náà, á wá máa lẹ̀ mọ́ púrótéènì tó wà nínú ìtẹ́lẹ̀ náà.

Ẹ wo ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Lójú, ó ń dán. Àmọ́ sìmẹ́ǹtì náà kò di amọ̀ mú: ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, odindi abala á já bọ́, amọ̀ á yọjú. Bí wọ́n tún un rẹ́ lónìí, á tún já lọ́la. Bí ìpele òkè ṣe ń ṣí kúrò lórí ìtẹ́lẹ̀ tí ṣúgà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí èèyàn kàn fọwọ́ ra ojú lówùúrọ̀ nígbà ọyẹ́, ó lè bó. Láti etí ni awọ tuntun ti ń rìn wá bo egbò náà, ìrìn tirẹ̀ a sì máa falẹ̀ lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kò wálẹ̀.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù ni ìrora tí kì í sí. Fọ́nrán ìmọ̀lára tó wà nínú awọ gaara pọ̀ ju èyí tó wà níbikíbi lára awọ wa lọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí hóró iyanrìn kan fi lè mú akíkanjú sunkún. Ṣúgà ń pa àwọn fọ́nrán wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń pa ti ẹsẹ̀. Omijé á dínkù, ìpéǹpéjú kò ní máa ṣẹ́ dáadáa mọ́, ohun ìtọ́jú tí fọ́nrán ń fún awọ náà á sì dínkù. Láti mọ̀ bóyá fọ́nrán ṣì ń ṣiṣẹ́, dókítà ojú á lọ́ òwú títí ṣóńṣó rẹ̀ á fi tẹ́ẹ́rẹ́, á gba ẹ̀gbẹ́ wá fi kan awọ gaara. Ojú tó yè á padé kíá. Òmíràn á kàn máa wò ó.

"Kò kúkú dùn mí" ni wọ́n fi ń pẹ́ nílé. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n á kán omi ọmú sí i, tàbí ìtọ̀, tàbí kí wọ́n ra òògùn sítẹ́rọ́ìdì lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, èyí tó ń fún kòkòrò àrùn láyè. Tí àpá funfun bá ti yọ sí àárín, gaara ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ẹyinjú nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ yẹ̀ wò, ó sì dára kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn wò. Kí wọ́n yẹ iwájú náà wò. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, kí ó jẹ́ kí dókítà mọ̀ kí wọ́n tó gbé abẹ, nítorí bí awọ gaara bá bó lórí tábìlì, ó lè pẹ́ gan-an kí ó tó padà bò.