Ta Ló Lé Túrkì Kúrò Nínú NATO?

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé ìdí fẹ́ńdọ̀ oníwèé ìròyìn ní oríta Ọláìyá, l'Óṣogbo níbí, tí wọn ò ti tún lé Túrkì kúrò nínú NATO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ṣàdéhùn láti máa gbèjà ara wọn. "Ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti lé wọn." Bàbá kan tiẹ̀ bi mí bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ẹran tọ́kì wọ́n. Mo ní bàbá, tọ́kì inú fíríìsà ò sí nínú NATO rí.

Pé ìjà wà, ta ló ń jiyàn? Túrkì ra ẹ̀rọ S-400 tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ òfuurufú lulẹ̀ lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ó dé ní oṣù keje 2019. Lóṣù yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ètò bàlúù ogun F-35. Níbẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ wa lójú: F-35 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe NATO.

Ìbéèrè tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé wo ni wọ́n fẹ́ fi lé e? Àdéhùn tó dá NATO sílẹ̀, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Washington ní 1949, kò ju abala 14 lọ, èèyàn á kà á tán kí ọkọ̀ Ìbàdàn tó kún. Abala 10 sọ bí wọ́n ṣe ń wọlé: gbogbo àwọn tó wà nílé gbọ́dọ̀ gbà. (Òfin yìí ni Túrkì fi dá Swídìn dúró lẹ́nu ọ̀nà láti 2022 títí wọ 2024.) Abala 13 sọ bí wọ́n ṣe ń jáde: ẹni tó bá sú fúnra rẹ̀ á kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà, tó bá pé ọdún kan, ó lọ nìyẹn. Lílé ńkọ́? Ẹ tú u síwá, ẹ tú u sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

Lọ́yà kan tó máa ń bá wa kàwé ìròyìn ọ̀fẹ́ níbẹ̀ fa Àdéhùn Vienna ti 1969 yọ, èyí tó sọ bí àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè ṣe ń ṣiṣẹ́. Abala 60 rẹ̀ ní bí orílẹ̀-èdè kan bá da àdéhùn lọ́nà tó wúwo, gbogbo àwọn yòókù lè fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí àdéhùn náà láàárín àwọn àti onítọ̀hún. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 31 ni àwọn yòókù. Póláńdì tó ra dírónù lọ́wọ́ Túrkì ní 2021 wà lára wọn. Gbogbo wọn náà ló sì mọ̀ pé ọwọ́ Túrkì ni kọ́kọ́rọ́ ojú omi tó wọ Òkun Dúdú wà láti 1936, òun ló sì tì í mọ́ àwọn ọkọ̀ ogun nígbà tí Rọ́ṣíà kọlu Ukréìn. Nígbà tí Túrkì kó ọmọ ogun wọ Kípírọ́sì ní 1974, tí Amẹ́ríkà sì fòfin de títa ohun ìjà fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ta ló lé e? Gíríìsì tínú ń bí nítorí Kípírọ́sì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ àṣẹ ológun NATO, ó sì padà ní 1980.

Mi ò ní kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé o. Àwọn òyìnbó lè jókòó lọ́la kí wọ́n tún àdéhùn kọ. Títí di ìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra pẹ̀lú ohùn tí wọ́n bá ká sórí WhatsApp, pàápàá èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ tètè fi ránṣẹ́". Àǹtí mi kan ní Ọjà Ọba, tó máa ń ra aṣọ ọmọdé láti Istanbul, gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní ogun ti dé Túrkì nìyẹn, ó pe ẹni tó ń bá a rajà, ó ní òun ò ṣe mọ́. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ gba ẹrù náà. Kí ó tó di ọjọ́ ọdún, ó ti tà á tán, àǹtí mi jókòó síwájú ìsọ̀ ó ń wò ó. Ẹni tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí i ni mo ṣì ń wá.